Ọ̀nà ìrìn-àjò mímọ́ tó gba etí òkun láti Porto lọ sí Santiago: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Olùkọ́ Kábbà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Kábbà níbí, inú ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n sì bí mi sí. Ọkọ mi, tó di olóògbé lọ́dún tó kọjá, ní ìpinnu kan tí kò yé sọ títí ó fi dákẹ́: pé òun yóò fi ẹsẹ̀ òun rìn dé Santiago de Compostela ní ilẹ̀ Sípéènì, níbi tí ìjọ gbà pé ibojì Jákọ́bù Mímọ́ Àpọ́sítélì wà. Àìsàn kò jẹ́ kí ó lè lọ. Èmi ni mo fẹ́ lọ rìn ín fún un báyìí, àbúrò mi obìnrin yóò sì bá mi lọ.

Mo ti gbọ́ pé ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ pọ̀, àti pé ọ̀kan wà tó ń tọ etí òkun láti ìlú Porto ní Pọ́túgà. Èyí ni ọkàn mi fà sí. Àwọn kan ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, kí n bẹ̀rẹ̀ láti Vigo, níbi tó kù bíi kìlómítà 100, nítorí pé ìyẹn náà tó láti gba ìwé ẹ̀rí. Mo ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, orúnkún mi ọ̀tún kì í sì fẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti rìn ín, ibo ni ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún mi.

Arìnnà Ìyàrà

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run yóò dẹ ilẹ̀ fún bàbá. Mo ti rin ọ̀nà yìí láti iwájú kàtídírà Porto títí dé iwájú kàtídírà Santiago, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ mi sí méjì: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Porto. Òkun tí ẹ ń wá, àárín Porto sí Baiona ló wà. Bí ẹ bá ti kọjá Vigo, ọ̀nà náà yà wọ inú ilẹ̀, nígbà tó bá sì dé Redondela, yóò pàdé ọ̀nà àárín tó gba Barcelos, Ponte de Lima àti Tui wá. Láti ibẹ̀ lọ, ìyẹn bíi kìlómítà 85 tó kù, ọ̀nà kan náà ni gbogbo èrò ń tọ̀. Omi tí ẹ óò máa rí níbẹ̀ jẹ́ apá òkun tó ya wọ àárín àwọn òkè. Ó wuyì lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe agbami. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti Vigo yóò gba ìwé ẹ̀rí lóòótọ́, nítorí kìlómítà 100 tó kẹ́yìn ni àwọn aláṣẹ kàtídírà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn, àmọ́ etí òkun ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ bíi kìlómítà 280, ó sì lè dín díẹ̀, bí ẹ bá ṣe ń yà sí. Apá ti Pọ́túgà tẹ́jú púpọ̀, nítorí náà kò ní ni orúnkún yín lára níbẹ̀rẹ̀. Láti Matosinhos, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ìgboro Porto ń gbé èèyàn dé, ẹ óò bọ́ sórí afárá pákó tóóró tí wọ́n tẹ́ gba orí iyanrìn kọjá. Koríko tó ń di òkìtì iyanrìn mú kò lè gba ẹsẹ̀ èrò. Bí èrò bá tẹ̀ ẹ́ pa, atẹ́gùn yóò gbá iyanrìn lọ, òkun yóò sì wọ ìlú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe afárá náà. Iyọ̀ àti oòrùn ti sọ àwọn pákó ọ̀hún di aláwọ̀ eérú, ìrì òwúrọ̀ sì máa ń mú kí wọ́n yọ̀, kí ẹ rọra máa gbé ẹsẹ̀. Níbi púpọ̀, iyanrìn ti bò wọ́n, àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni ẹ óò fi máa mọ ibi tí pákó parí sí.

Ẹ óò kọjá Vila do Conde àti Póvoa de Varzim, ìlú àwọn apẹja, kí ẹ tó dé Apúlia. Ẹ dúró díẹ̀ ní Apúlia. Ó pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ etí òkun ibẹ̀ ti ń wọ́ ewéko tó ń hù nínú òkun jáde, wọn a sá a sórí iyanrìn kó gbẹ, wọn a sì kó o lọ sí oko ṣe ajílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ilẹ̀ tó jẹ́ iyanrìn lásán di oko ẹ̀fọ́. Ọmọ àgbẹ̀ kọfí ní Ìjùmú ni mí, mo mọ ohun tó ń náni láti mú ilẹ̀ tí kò dára so èso, orí mi sì wú fún àwọn èèyàn náà gidigidi.

Lẹ́yìn Esposende ni ẹ óò dé Viana do Castelo, tí ẹ óò gba orí afárá irin tí ilé iṣẹ́ Eiffel ṣe ní 1878 kọjá odò Lima. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Caminha, níbi tí Pọ́túgà parí sí.

Ará Abùjá

Ẹ kú ìṣírò ọ̀nà, Màmá. Ọ̀rọ̀ físà ni èmi fẹ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ti máa ń kọsẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn tó kan ilẹ̀ òkèèrè.

Físà Schengen kan ṣoṣo ló wà fún orílẹ̀-èdè méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ orílẹ̀-èdè tí ẹ óò ti sun oorun tó pọ̀ jù ni ẹ gbọ́dọ̀ ti béèrè rẹ̀. Bí iye oorun bá dọ́gba, ọ̀dọ̀ èyí tí ẹ óò kọ́kọ́ wọ̀ ni. Bí ẹ bá rìn láti Porto láìyà síbòmíràn, apá ti Sípéènì gùn ju ti Pọ́túgà lọ, nítorí náà iléeṣẹ́ aṣojú Sípéènì ni ọ̀rọ̀ yín kàn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí ọmọ ìjọ Kátólíìkì tí yóò dé Pọ́túgà tí kò ní fẹ́ dé Fátima, níbi tí ìjọ gbà pé Màríà Wúńdíá ti fara han àwọn ọmọdé mẹ́ta ní 1917. Bí ẹ bá fi ọjọ́ mélòó kan kún un nítorí Fátima àti Lisbon, òṣùwọ̀n náà lè tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Pọ́túgà. Ẹ jókòó, kí ẹ kọ ibi tí ẹ óò sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ kà á, kí ẹ tó mọ ilẹ̀kùn tí ẹ óò kàn.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, 90 yúrò ni owó físà náà fún àgbàlagbà, yàtọ̀ sí owó tí àwọn tó ń gba ìwé wọlé ń gbà. Wọn yóò béèrè ìwé ìdójútòfò ìrìn-àjò tó lè san ó kéré tán 30,000 yúrò bí àìsàn bá dé. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, ẹ má sì jẹ́ kó ku ọjọ́ 15. Ẹ fi ìwé owó ìfẹ̀yìntì yín àti ìwé ilé tàbí ilẹ̀ yín hàn wọ́n, kí wọ́n lè rí i pé ẹ ní ohun tí ẹ ń padà sí. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ fáda ìjọ yín kò ní bà á jẹ́.

Ní tèmi o, mo fara mọ́ àwọn tó ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Vigo. Oorun yóò dín, owó yóò dín, orúnkún yóò sì sinmi.

Ọmọ ECWA, Ẹ̀gbẹ

Mo kí Màmá, mo sì bá wọn kẹ́dùn. Ìjọ tí Tommy Titcombe fìdí rẹ̀ sọlẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ lẹ́yìn tó dé ní 1908 ni àwọn òbí mi ti wá, nítorí náà kí ẹ má bínú sí ìbéèrè mi, kì í ṣe ti àríwísí. Wọ́n kọ́ wa pé kò sí ibi tí a kò ti lè gbàdúrà, àti pé a kì í tọ òkú lọ. Ṣé kì í ṣe egungun òkú ni àwọn èèyàn ń lọ kúnlẹ̀ fún ní Santiago? Bí èmi tí mi ò sí nínú ìjọ Kátólíìkì bá fẹ́ rìn ín nítorí pé mo fẹ́ dá wà pẹ̀lú Ọlọ́run, ṣé wọn yóò gbà mí?

Katikísì Ìsánlú

Ìbéèrè rere ni, ẹ ṣeun tí ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè rẹ̀. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 12 ẹsẹ 2, sọ pé Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù arákùnrin Jòhánù. Ohun tí àwọn ará ilẹ̀ Galicia, apá Sípéènì tí Santiago wà, sọ ni pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbé òkú rẹ̀ gba ojú òkun wá sí ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, nígbà ayé Bíṣọ́ọ̀bù Teodomiro, wọ́n rí ibojì kan tí wọ́n gbà pé tirẹ̀ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíkọ́ kàtídírà tó wà níbẹ̀ lónìí ní 1075, Póòpù Leo Kẹtàlá sì fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ egungun náà ní 1884. Ìgbàgbọ́ ìjọ nìyẹn; òpìtàn tó bá fẹ́ jiyàn lè jiyàn, ọ̀nà náà kò ní tìtorí rẹ̀ dí mọ́ ọn.

Ọlọ́run nìkan ni à ń sìn. Àpọ́sítélì jẹ́ ẹ̀gbọ́n wa nínú ìgbàgbọ́, tí a ń bẹ̀ pé kó bá wa gbàdúrà. Kò sí ẹni tí yóò fi ipá mú yín kúnlẹ̀ níwájú ohunkóhun. Bí ẹ bá sọ pé nítorí ẹ̀sìn tàbí nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ẹ fi rìn, wọn yóò fún yín ní Compostela, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi èdè Látìnì kọ, láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá sọ pé ìgbafẹ́ lásán lòun bá lọ, ìwé ìkíni-káàbọ̀ mìíràn wà fún un. Ìrìn tí ẹ óò bá Ọlọ́run rìn náà, ọ̀nà yìí gbà á.

Nọ́ọ̀sì Mọ̀pà

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa orúnkún Màmá. Kì í ṣe òkè gígùn ló ń ba orúnkún jẹ́ tó sísọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, pàápàá bí ẹrù bá wà lẹ́yìn. Ẹ ra ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì, kí ẹ sì fi kọ́ra nílé ná. Ẹrù ẹ̀yìn yín kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara yín lọ. Kò tiẹ̀ pọn dandan kí ẹ gbé e: ní Sípéènì, Correos, ìyẹn iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn, máa ń gbé ẹrù àwọn onírìn-àjò láti ibùsùn kan sí èkejì, àwọn mìíràn sì ń ṣe é ní Pọ́túgà. Gbígbé ẹrù ránṣẹ́ kò gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bàtà ni kókó. Ẹ ra èyí tó fi díẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ yín lọ, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú lọ́sàn-án, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ fún oṣù méjì ó kéré tán kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ bá ti rí i pé ibì kan ń ta yín, ẹ jókòó lójú ẹsẹ̀, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ẹ gbọn iyanrìn dànù, kí ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn kí awọ tó gba omi sínú. Iyanrìn etí òkun kò ní àánú fún ẹni tó bá ní òun yóò fara dà á dé ìlú tó kàn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn yòówù tí ẹ bá ń lò, ẹ fi sínú páálí rẹ̀, kí lẹ́tà dókítà sì wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú àpò tí ẹ kò ní fi ránṣẹ́.

Ní ti ìdánrawò, inú ìlú ni kí ẹ ti ṣe é, ní pápá ilé-ìwé tàbí ní àdúgbò tí wọ́n ti mọ̀ yín. Ẹ má gba ojú ọ̀nà tó jáde sí ìgbẹ́ o.

Ọmọ Bùnú

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí Nọ́ọ̀sì sọ yẹn ni ó gún mi lọ́kàn jù. Bàbá mi sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, láti Bùnú ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ọjà Kábbà, tọkùnrin tobìnrin, tàwọn ti iṣu lórí, tí wọn yóò sì padà sílé láìsí ẹni tó da wọ́n láàmú. Lónìí, àgbẹ̀ ń bẹ̀rù oko ara rẹ̀ nítorí àwọn ajínigbé. Ó dùn mí pé àgbàlagbà obìnrin ilẹ̀ Ọ̀kun gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú kí ó tó rí ojú ọ̀nà tí yóò ti máa rìn, tí yóò máa gbàdúrà, tí ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Mi ò sọ èyí láti dá Màmá dúró. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé lóòótọ́ ni ọkàn ń balẹ̀ níbẹ̀? Obìnrin méjì, aláwọ̀ dúdú, lójú ọ̀nà àjèjì?

Ọmọ Ìsánlú ní Porto

Mo ń gbé ní Porto, mo sì ti fi òpin ọ̀sẹ̀ rin púpọ̀ nínú apá ti Pọ́túgà. Ọkàn ń balẹ̀. Ìlú ṣe tímọ́tímọ́ síra wọn, kì í pẹ́ kí ẹ tó rí ilé tàbí ilé kọfí, àwọn onírìn-àjò mìíràn kì í sì í wọ́n lójú ọ̀nà láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹwàá. Àwọn obìnrin tó ń dá rìn pọ̀. Àwọn arúgbó ní abúlé lè tẹjú mọ́ yín, torí àwọ̀ wa kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá kí wọn, wọn yóò dáhùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sì máa nawọ́ sí ibi tí ọ̀nà gbà. Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín dání nígbà gbogbo. 112 ni nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù àti sórí ìwé.

Ohun tí ẹ óò máa wò lójú ọ̀nà ni ọfà aláwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n kùn sára ògiri, òkúta àti òpó iná. Fáda kan ní abúlé O Cebreiro ní Galicia, Elías Valiña, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún ní 1984 nígbà tí àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Santiago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní 2024, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún àwọn tó dé Santiago kù díẹ̀ kó pé 500,000. Ẹ wo ohun tí Ọlọ́run lè fi agolo ọ̀dà kan ṣe.

Ẹ̀rù tó yẹ kó bà yín ni ti òkun. Àtìláńtíìkì yìí náà ló ń fọ́ sí etíkun Èkó, ṣùgbọ́n ti ibí tutù wọra, ó sì ń fa èèyàn lọ. Ẹ má wọ̀ ọ́ kọjá kókósẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, atẹ́gùn àríwá máa ń fẹ́ lọ́sàn-án, tí yóò máa kọlu ojú ẹni tó ń lọ sí Santiago. Ẹ tètè gbéra láàárọ̀, kí ẹ ti rìn jìnnà kí atẹ́gùn náà tó dé. Aṣọ òjò náà ṣe pàtàkì, pàápàá ní Galicia, tí òjò kì í pẹ́ ṣú. Oṣù karùn-ún, oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án ló dára jù fún ẹni tó ti dàgbà. Ẹ rántí pé 2027 jẹ́ Ọdún Mímọ́ ní Santiago, torí pé ọjọ́ 25 oṣù keje, àjọ̀dún Jákọ́bù Mímọ́, bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Oore ọ̀fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, èrò náà yóò sì pọ̀.

Ní Caminha, ẹ óò wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré sọdá odò Minho sí A Guarda ní Sípéènì. Kíkún àti fífà òkun máa ń da wákàtí ọkọ̀ wọ̀nyí rú, nítorí náà ẹ béèrè ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, aago Pọ́túgà àti ti Nàìjíríà dọ́gba. Bí ẹ bá ti sọdá, ẹ sún aago síwájú ní wákàtí kan.

Ìyá Olùkọ́ Kábbà

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí etí àbúrò mi. Ọmọ Bùnú, ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín ju bó ṣe yẹ lọ. Bí Ọlọ́run bá dá mi padà láyọ̀, a óò jọ bá bíṣọ́ọ̀bù wa sọ̀rọ̀ bóyá a lè ní ìrìn tiwa nínú ìlú, pẹ̀lú rósárì, lábẹ́ ìṣọ́ àwọn ọlọ́dẹ.

Ó ku ìbéèrè díẹ̀. Irú ibùsùn wo ni a óò máa rí? Báwo ni Galicia ṣe rí fún ẹsẹ̀? Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe kí orúkọ ọkọ mi lè wọ inú ọ̀rọ̀ náà?

Arìnnà Ìyàrà

Ibùsùn tí wọ́n ń pè ní albergue ni ó wọ́pọ̀: yàrá ńlá, bẹ́ẹ̀dì alájà méjì, ilé ìwẹ̀ àjùmọ̀lò. Àwọn tí ìjọba Galicia ń bójú tó kì í gba kí èèyàn fi ibi sílẹ̀ de òun. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Èyí lè kó wàhálà bá ẹni tó ń rọra rìn, nítorí náà, àwọn ilé aládàáni tàbí hòtẹ́ẹ̀lì kékeré ni kí ẹ̀yin máa fi fóònù béèrè. Ẹ tọrọ bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀. Ní kàtídírà Porto ni ẹ óò ti ra credencial, ìwé pélébé tí ẹ óò máa gba òǹtẹ̀ sí ní ilé ìjọsìn, ibùsùn àti ilé oúnjẹ. Ní kìlómítà 100 tó kẹ́yìn, òǹtẹ̀ méjì lójúmọ́ ni wọ́n ń béèrè. Ẹ má fi í ṣeré.

Galicia kò tẹ́jú bíi ti Pọ́túgà. Láti A Guarda, òkun yóò wà lọ́wọ́ òsì yín lórí àpáta, kì í ṣe lórí iyanrìn mọ́, títí ẹ óò fi dé Oia, níbi tí ilé àwọn mọ́ńkì ọ̀rúndún kejìlá kan ti kọjú sí ìgbì gangan. Mo jókòó lórí ògiri tó wà níwájú rẹ̀ mo sì gba rósárì mi tán níbẹ̀. Ariwo ìgbì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi gbọ́ ohùn ara mi. Lẹ́yìn Oia, ọ̀nà gun òkè kí ó tó sọ̀ sí Baiona, èbúté tí ọkọ̀ Pinta gúnlẹ̀ sí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta 1493 pẹ̀lú ìròyìn pé Columbus ti rí ilẹ̀ kan ní ìkọjá òkun. Orúnkún yín yóò ráhùn ní sísọ̀kalẹ̀ yẹn. Láàárín Vigo sí Pontevedra náà, òkè wà.

Níbi oko, ẹ óò máa rí ilé òkúta tóóró tí wọ́n gbé ka orí òpó, wọ́n ń pè é ní hórreo. Àgbàdo ni wọ́n ń kó sí i, òpó yẹn ni kò sì jẹ́ kí eku àti ọ̀rinrin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àká ilẹ̀ wa kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Láti Pontevedra, níbi tí ẹ óò ti rí ilé ìjọsìn Wúńdíá Onírìn-àjò tí wọ́n kọ́ ní ìrísí ìkarahun ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọ̀nà kan yà lọ sí Combarro àti Armenteira, tí èèyàn yóò fi wọ ọkọ̀ ojú omi ní Vilanova de Arousa dé itòsí Padrón, ojú omi tí wọ́n ní òkú àpọ́sítélì gbà wọlé. Ó wuni, ṣùgbọ́n òkè Armenteira ga, n kò sì lè gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Ẹ tọ ọ̀nà gbọọrọ tó gba Caldas de Reis, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀ tí èèyàn lè ki ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹ sì dé Padrón. Lábẹ́ pẹpẹ ilé ìjọsìn Jákọ́bù Mímọ́ níbẹ̀, wọn yóò fi òkúta kan hàn yín tí wọ́n sọ pé ìdí rẹ̀ ni wọ́n so ọkọ̀ náà mọ́.

Ní Santiago, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àpò ẹ̀yìn wọ kàtídírà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ lọ sọ ẹrù kalẹ̀. Mísà àwọn onírìn-àjò wà ní agogo méjìlá ọ̀sán, òmíràn sì wà ní agogo méje ààbọ̀ alẹ́. Àwo tùràrí ńlá tí ọkùnrin mẹ́jọ máa ń fa okùn rẹ̀ kì í fò lójoojúmọ́. Bí ẹ kò bá bá a, ẹ má jẹ́ kí ó ba ọkàn yín jẹ́.

Ará Abùjá

Mo ti ka àlàyé Arìnnà, ẹnu mi sì ti rọ̀ díẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ orúnkún kò kúrò ńlẹ̀. Kí ló dé tí Màmá kò lè bẹ̀rẹ̀ láti Porto, kí wọ́n máa wọ bọ́ọ̀sì tàbí takisí níbi tí òkè bá ti le, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé kìlómítà 100 tó kẹ́yìn nìkan ni wọn kò gbọ́dọ̀ já?

Arìnnà Ìyàrà

Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣáájú Vigo, ẹ wọ ọkọ̀ níbi tó bá ti rẹ̀ yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú rénà yín nítorí rẹ̀. Láti Vigo lọ, ẹsẹ̀ nìkan, láìfo ibì kankan, kí gbogbo òǹtẹ̀ sì ní ọjọ́ lára.

Ìyá Olùkọ́ Kábbà

A ti fẹnu kò, èmi àti àbúrò mi. Porto ni a óò ti bẹ̀rẹ̀. A óò rin etí òkun ní ìwọ̀nba lójúmọ́ títí dé Caminha, a óò wọ ọkọ̀ láti Oia dé Baiona nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, a óò sì fi ẹsẹ̀ rìn láti Vigo dé òpin. Fátima yóò dúró di ìgbà mìíràn, kí ọ̀rọ̀ físà má baà lọ́jú pọ̀. Ọ̀dọ̀ Sípéènì ni a óò kọ̀wé sí. Arìnnà, ẹ kò tíì dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ orúkọ ọkọ mi.

Arìnnà Ìyàrà

Ẹ dárí jì mí, Màmá. Ní ọ́fíìsì àwọn onírìn-àjò ní òpópónà Rúa das Carretas, kí wọ́n tó tẹ ìwé ẹ̀rí yín jáde, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ tó bá dá yín lóhùn pé ẹ rìn ín dípò ẹni tó ti kú. Wọ́n ń ṣe é fún olóògbé àti fún aláìsàn tí kò lè rìn. Orúkọ tiyín ni yóò wà lórí ìwé náà, wọn yóò sì kọ ọ̀rọ̀ Látìnì náà, *Vicarie Pro*, pẹ̀lú orúkọ bàbá lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ ìwé tán kí ẹ tó rántí, ó di ìṣòro, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹ kọ orúkọ ìsàmì bàbá àti orúkọ ìdílé rẹ̀ sórí bébà pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹ fi sínú credencial yín láti ilé, kí òṣìṣẹ́ náà lè wò ó kọ láìṣì í.